Chia aṣálẹ̀ tí mo gbìn ò hù o, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

IyaIbeji_Palmdale
14 oṣù kẹsàn-án, 6:12 àárọ̀

Ẹ kú àárọ̀ gbogbo ilé o. Iṣẹ́ alẹ́ ni mo ti ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, tẹ́ ẹ bá rí àṣìkọ ẹ má bínú. Láti Houston la ti kó wá sí Palmdale ní California níbí, ó ti di ọdún méjì, ilẹ̀ ibí sì gbẹ débi pé ẹ máa rò pé wọ́n yan án bí gaàrí ni. Àmọ́ nínú oṣù kẹrin mo rí ewéko kan lórí òkè lẹ́yìn àdúgbò wa, kò ga tó orúnkún mi, igi ẹ̀ tín-ín-rín, nǹkan róbótó bíi bọ́ọ̀lù ẹlẹ́gùn-ún wá gun orí ara wọn lórí igi yẹn, ọ̀kan nísàlẹ̀ ọ̀kan lókè, òdòdó búlúù wínníwínní sì ń yọ lára wọn. Ìyá ará Mẹ́síkò tó ń gbé ẹ̀gbẹ́ wa ló sọ fún mi pé chia ni, pé èso ẹ̀ làwọn onílẹ̀ ibí ń jẹ kí òyìnbó tó dé. Ẹnu yà mí torí ọkọ mi ò kì í mu ògì láìda chia sí i látìgbà tí dókítà ti bá a sọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ríru, Costco la ti máa ń rà á.

Bí mo ṣe wá pákẹ́ẹ̀tì irúgbìn lọ síbi tí wọ́n ti ń ta ewéko ìbílẹ̀ nìyẹn, Salvia columbariae ni wọ́n kọ sí i lára. Ìparí oṣù karùn-ún ni mo gbìn ín. Mo ra iyẹ̀pẹ̀ dúdú tó dáa, mo po ìgbẹ́ màlúù mọ́ ọn, mo ń bu omi sí i láàárọ̀ lálẹ́ bí ẹni ń tọ́jú tẹ̀tẹ̀. Nínú gbogbo pákẹ́ẹ̀tì yẹn, mẹ́fà péré ló yọ orí, wọ́n pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ìdí wọn rà, wọ́n dojú bolẹ̀. Ìyókù ò tiẹ̀ jí. Kí ni mo ṣe tí ò dáa? Èkejì, ṣé mo lè lọ já èyí tó wà lórí òkè yẹn nígbà tó bá tún so?

Baba_Ata_Fresno
14 oṣù kẹsàn-án, 8:40 àárọ̀

Ẹ kú iṣẹ́ alẹ́, Ìyá Ìbejì. Inú ooru lẹ gbìn ín sí, irúgbìn tó ń fẹ́ òtútù sì ni. Ẹ rẹ tíṣù sómi, ẹ fún un, ẹ da irúgbìn sáàárín ẹ̀, ẹ kó o sínú ọ̀rá, ó di inú fíríìjì fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Tẹ́ ẹ bá mú un jáde ó máa hù wìtìwìtì. Bí mo ṣe ń ṣe irúgbìn milkweed mi, ewéko olódòdó kan, lọ́dọọdún nìyẹn, kò já mi kulẹ̀ rí.

Omo_Ijesa_PHX
14 oṣù kẹsàn-án, 1:05 ọ̀sán

Bàbá Ata ẹ pẹ̀lẹ́ sà, mi ò kì í ta ko àgbà, ṣùgbọ́n ti milkweed lọ́tọ̀, ti eléyìí lọ́tọ̀. Èmi náà gbọ́ ìmọ̀ràn tíṣù yẹn lọ́dún tí mo kọ́kọ́ gbìn ín ní Phoenix níbí. Ṣé ẹ mọ bí chia ṣe máa ń ṣe tómi bá kàn án? Á wú, á fi nǹkan yíyọ̀ bo ara ẹ̀ bí ewédú tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ìjábẹ̀ ja. Ọjọ́ tí mo ṣí tíṣù yẹn, gbogbo ẹ̀ ti di ọ̀kan, irúgbìn ti lẹ̀ mọ́ tíṣù, tíṣù ti lẹ̀ mọ́ irúgbìn, mo ń fi tweezers ìyàwó mi fà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń já sí méjì lọ́wọ́ mi. Mo kó gbogbo ẹ̀ dànù.

Ọdún kejì, mo ṣe gẹ́gẹ́ bí Ìyá Ìbejì ṣe ṣe yìí gan-an, ilẹ̀ ọlọ́ràá, omi láàárọ̀ lálẹ́. Wọ́n rà.

Ọdún kẹta ló bọ́ sí i, ẹ sì máa rẹ́rìn-ín torí pé ṣe ni mo pa á tì. Bàbá àgbà kan tó ń gbin ewéko aṣálẹ̀ ló sọ fún mi pé ewéko yìí ò mọ ìtọ́jú, òjò òtútù ló mọ̀. Nínú oṣù kọkànlá, kí òjò àkọ́kọ́ tó rọ̀, mo lọ sí kọ̀rọ̀ kan lẹ́yìnkùlé tó jẹ́ yanrìn àti òkúta wẹ́wẹ́, tí oòrùn ń pa látàárọ̀ dalẹ́. Mo po irúgbìn mọ́ yanrìn gbígbẹ torí ó kéré jọjọ, téèyàn bá fọn ọ́n lásán ojú kan ló máa dà sí. Mo fọ́n ọn, mo fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, mi ò bo iyẹ̀pẹ̀ lé e lórí torí ó fẹ́ rí ìmọ́lẹ̀, mo bá tèmi lọ. Òjò rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Oṣù kìíní ni mo rí ewé tó tẹ́ pẹrẹsẹ sílẹ̀, ó hun jọ, etí ẹ̀ gé wẹ́lẹwẹ̀lẹ. Ẹ̀ẹ̀mẹta péré ni mo bomi sí i títí ó fi so, nígbà tí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá tí ojú ọ̀run ò fi bẹ́ẹ̀ ṣú. Tó bá ti ń yọ òdòdó, ẹ má bomi sí i mọ́ rárá.

Nítorí náà ma, irúgbìn yín ò burú o. Àsìkò àti àṣejù ni.

Mama_Agbo
14 oṣù kẹsàn-án, 3:30 ọ̀sán

Ẹ̀yin èèyàn yìí ẹ fẹ́ràn wàhálà. Chia náà ni chia. Ẹ lọ bu èyí tí Bàbá Ìbejì ń dà sí ògì, ẹ fọ́n ọn sílẹ̀, á hù. Ewé ẹ̀ gan-an ẹ lè sè é mu bí àgbo ẹ̀fìnrín. Mo tún gbọ́ pé àwọn onílẹ̀ ibẹ̀ máa ń fi hóró ẹ̀ kan sójú kó lè fa ìdọ̀tí jáde.

Dele_Nursery
14 oṣù kẹsàn-án, 9:18 alẹ́

Mama, ẹ dákun, kì í ṣe ọ̀kan náà o. Ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú ewéko ìbílẹ̀ fún títà ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Riverside, lójoojúmọ́ la máa ń ṣàlàyé eléyìí. Èyí tó wà ní Costco, Salvia hispanica ni orúkọ ẹ̀. Ọmọ Mẹ́síkò àti Guatemala ni, òun làwọn Aztec, àwọn onílẹ̀ Mẹ́síkò àtijọ́, ń gbìn lóko. Ó máa ń ga kọjá àyà èèyàn, kì í sì í yọ òdòdó àfìgbà tí ọjọ́ bá ti ń kúrú. Tí Ìyá Ìbejì bá gbin ìyẹn ní Palmdale, á hù lóòótọ́, á tún ga, kó tó máa mú òdòdó jáde, ìrì dídì á ti dé, á jó o pa. Ti aṣálẹ̀ yìí, Salvia columbariae, òyìnbó kan tó ń jẹ́ Bentham ló fún un lórúkọ yẹn ní 1833, ọmọ California, Nevada, Arizona, títí dé Baja àti Sonora ni. Ọdún kan péré ló ń lò láyé: òjò òtútù á jí i, á so, á kú kí ooru tó mú.

Ohun tó jẹ́ kí gbogbo wọn jọra ni pé ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n pẹ̀lú ẹ̀fìnrín. Ẹ fọwọ́ pa igi ẹ̀ wò, ẹ máa rí i pé ó ní igun mẹ́rin bíi ti ẹ̀fìnrín, ẹ fọwọ́ ra ewé ẹ̀ ó máa ta yín nímú. Ẹni tó bá ti rẹ èso ẹ̀fìnrín wẹ́wẹ́ sómi rí á mọ ohun tí mò ń sọ, òun náà máa ń wú ni, á fi nǹkan yíyọ̀ bo ara ẹ̀.

Ìyá Ìbejì, kẹ́ ẹ tó sún mọ́ èyí tó wà lórí òkè, ẹ dá a mọ̀ dáadáa. Nǹkan róbótó tẹ́ ẹ rí yẹn, ewé kéékèèké tó yí i ká máa ń pọ́n bíi wáìnì, ẹnu wọn mú ṣóṣó. Èkejì ẹ̀ wà tí wọ́n ń pè ní thistle sage, irun funfun bò ó bí òwú, ewé ẹ̀ sì lẹ́gùn-ún, ìyẹn náà wọ́n ń jẹ èso ẹ̀, kò burú. Èyí tó burú ni Phacelia. Òdòdó ẹ̀ pọ́n bí àlùkò, àsìkò kan náà ni wọ́n ń yọ, ojú ilẹ̀ kan náà, àmọ́ ṣe ni ṣóńṣó orí òdòdó tiẹ̀ máa ń ká kò bí ìrù àkeekèé. Tí irun ara ẹ̀ bá kan awọ yín, ẹ máa yún ara fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Oníbàárà wa kan fi ọwọ́ lásán já a, ọwọ́ ẹ̀ lé ròrò dé ìgúnpá.

Ti ewé sísè, ó kù sọ́wọ́ yín ma, hóró ni gbogbo èèyàn ń wá lára ẹ̀.

IyaIbeji_Palmdale
15 oṣù kẹsàn-án, 6:50 àárọ̀

Ẹ ṣeun o, Ọlọ́run á máa tọ́jú yín. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà, ìgbà tí mo kà pé o pa á tì mo rẹ́rìn-ín débi tí ọkọ mi fi jí. Mama ti ojú yẹn, òótọ́ ni o, ìyá Mẹ́síkò yẹn náà sọ ọ́, ó ní wọ́n máa ń fi hóró kan sábẹ́ ìpéǹpéjú, tó bá wú á gbá ìdọ̀tí mọ́ra jáde. Ṣùgbọ́n èmi nọ́ọ̀sì ni mò ń sọ ọ́ o, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má ki nǹkan tẹ́ ẹ hú nílẹ̀ bọ ojú. Omi iyọ̀ tó mọ́ wà ní ilé oògùn.

Akinkanju_BLM
15 oṣù kẹsàn-án, 12:20 ọ̀sán

Ti ìbéèrè kejì. Ta ló ni òkè yẹn? Òun ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wádìí o. Òfin wà ní California, Penal Code 384a, pé èèyàn ò gbọdọ̀ já ewéko lórí ilẹ̀ tí kì í ṣe tiẹ̀ láìní ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tó ni ín. Tó bá jẹ́ pápá ìjọba ìpínlẹ̀ ni, bíi ibi tí wọ́n ti ń wo òdòdó poppy ní Lancaster lápá ọ̀dọ̀ yín níbẹ̀, ẹ wo ojú lásán kẹ́ ẹ máa lọ. Joshua Tree, pápá ìjọba àpapọ̀, náà bẹ́ẹ̀, ẹ má dán an wò láìbi àwọn ẹ̀ṣọ́ ibẹ̀. Ilẹ̀ BLM, àjọ tó ń bójú tó ilẹ̀ ìjọba àpapọ̀, ló rọ̀ díẹ̀, wọ́n máa ń jẹ́ kéèyàn mú hóró ìwọ̀nba tó fẹ́ jẹ fúnra ẹ̀, àmọ́ kì í ṣe fún títà, ẹ sì pe ọ́fíìsì wọn tó wà nítòsí kẹ́ ẹ tó lọ. Ẹ má jẹ́ kí ọlọ́pàá bá yín pẹ̀lú atẹ lórí òkè olókè.

Alake_Banning
15 oṣù kẹsàn-án, 10:44 alẹ́

Ọ̀rọ̀ yìí wọ̀ mí lára torí ọdún 11 rèé tí mo ti ń gbé Banning, ilẹ̀ àwọn Cahuilla, ọ̀kan lára àwọn ẹ̀yà onílẹ̀ ibí, ló yí wa ká níbí. Pasal ni wọ́n ń pè é lédè wọn. Malki Museum wà ní Morongo nítòsí wa, láti 1965 ló ti ṣílẹ̀kùn, àwọn Cahuilla fúnra wọn ló dá a sílẹ̀, ìyá àgbà kan tó ń jẹ́ Katherine Siva Saubel wà lára wọn, ó ti lọ sílé ní 2011. Tẹ́ ẹ bá rí àwọn apẹ̀rẹ̀ tó wà níbẹ̀, ẹ máa ní àwọn èèyàn yìí àtàwa jọ ń ṣe nǹkan ni. Wọ́n ní ohun kan tí wọ́n hun bí abẹ̀bẹ̀ tó lọ́wọ́, òun ni wọ́n fi ń lu orí chia tó ti gbẹ kí hóró lè dà sínú apẹ̀rẹ̀ tó tẹ́jú. Wọn ò ní hú u, wọn ò ní gé e, wọ́n kàn máa lu orí ẹ̀ ni, ohun tó bá bọ́ sílẹ̀ ti ọdún tó ń bọ̀ nìyẹn. Tí wọ́n bá délé, wọ́n á fẹ́ ìyàngbò kúrò, wọ́n á kó hóró sínú apẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹyin iná, wọ́n á máa jù ú sókè láìdúró kí apẹ̀rẹ̀ má bàa jóná. Ẹ gbìyànjú ìyẹn nílé yín ẹ wo ohun tí àwọn panápaná máa sọ. Lẹ́yìn ìyẹn wọ́n á lọ̀ ọ́ lórí ọlọ, wọ́n á po ó mọ́ omi bí ìgbà téèyàn po ẹ̀kọ tútù, àwọn ará Sípéènì wá ń pe ìyẹ̀fun bẹ́ẹ̀ ní pinole.

Mo tún fẹ́ fi kún ti Ọmọ Ìjẹ̀ṣà. Ó ní ẹ pa á tì, ó dáa, ṣùgbọ́n iná wà nínú ọ̀rọ̀ yẹn. Ibi tí iná bá ti jó igbó lọ, chia máa ń hù níbẹ̀ lọ́dún kejì bí ìgbà tí wọ́n dà á sílẹ̀ ni. Àwọn Chumash, ẹ̀yà onílẹ̀ míì létí òkun, mọ̀ ọ́n, wọ́n máa ń dáná sun pápá lẹ́yìn ìkórè, títí tí gómìnà Sípéènì tó ń jẹ́ Arrillaga fi fi òfin dè é ní 1793. Èmi máa ń gún èédú ìyanran lúúlúú, mo máa wọ́n ọn lé ojú ilẹ̀ kí òjò tó dé. Àwọn tó gba èédú máa ń nípọn ju àwọn tí ò gbà á lọ.

Omo_Ijesa_PHX
15 oṣù kẹsàn-án, 11:20 alẹ́

Àǹtí Àlàkẹ́, mi ò lo èédú kankan, tèmi hù. Àfi tí a bá gbìn ín sórí ebè méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn ká tó lè mọ̀.

Alake_Banning
15 oṣù kẹsàn-án, 11:31 alẹ́

Ebè méjì ni mo gbìn o, àbúrò. Fọ́tò wà lórí fóònù mi. Tìrẹ hù, tèmi hù wọ̀ǹtìwọnti, ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ nìyẹn. Àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ dáná sun ẹ̀yìnkùlé ní Palmdale, èédú tútù ni mò ń sọ.

Agbeloba_Ibadan
17 oṣù kẹsàn-án, 7:02 àárọ̀

Ẹ kú ìjíròrò. Ṣé a lè gbin èyí sí Ìbàdàn? Chia wọ́n gan-an lọ́jà níbí.

Dele_Nursery
17 oṣù kẹsàn-án, 9:55 àárọ̀

Ti aṣálẹ̀ yìí, ẹ má dà á láàmú sà. Òjò tó bá a mọ́ òtútù ló ń fẹ́, tiyín ń bá ooru rìn ni, ó máa rà kó tó ga. Wọ́n ń gbin ti Mẹ́síkò ní Kẹ́ńyà àti Uganda, ìyẹn lẹ lè wádìí. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ hóró tó ń yọ̀ lẹ ń wá, ẹ̀fìnrín wẹ́wẹ́ ń bẹ lẹ́yìn ilé yín. Tó bá jẹ́ hóró olóròóró, yànmọ̀tí ń bẹ lọ́jà, kò dé owó chia.

RT_Bakersfield
18 oṣù kẹsàn-án, 2:37 òru

Èmi ò mọ nǹkan kan nípa irúgbìn, ọ̀rọ̀ èémí àti ẹ̀dọ̀fóró ni iṣẹ́ mi. Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láti ọjọ́ mẹ́rin, mò ń retí kí ẹnì kan dárúkọ Valley fever, kò sẹ́ni tó dá a. Palmdale, Lancaster, Bakersfield, Fresno, Phoenix, gbogbo ibi tẹ́ ẹ dárúkọ yìí, àrùn yẹn wà nínú iyẹ̀pẹ̀ ibẹ̀. Ohun kan tó jẹ́ ẹbí irú èyí tó máa ń mú búrẹ́dì bu ló ń gbé nínú ilẹ̀ gbígbẹ, tí a bá da ilẹ̀ yẹn rú, tí atẹ́gùn fẹ́ eruku ẹ̀, tí a fà á símú, ó di inú ẹ̀dọ̀fóró. Ọ̀pọ̀ èèyàn ò tiẹ̀ ní mọ̀ pé ó ṣe àwọn. Àwọn míì á máa wúkọ́, ibà, òógùn òru, kó máa rẹ̀ wọ́n fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, wọ́n á sì máa fún wọn ní oògùn pneumonia tí ò ní ṣiṣẹ́.

Ìdí tí mo fi ń kọ eléyìí láago méjì òru ni pé àwa aláwọ̀ dúdú wà lára àwọn tó máa ń bá jà jù. Tó bá ti jáde kúrò nínú ẹ̀dọ̀fóró, ó lè bọ́ sí egungun tàbí ọpọlọ. Àwọn alátọ̀gbẹ àti aláboyún náà. Mo ti tọ́jú ọmọ Nàìjíríà kan tó jẹ́ pé ọgbà ló ń gbẹ́ lẹ́yìn ilé ẹ̀, mi ò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ má tìtorí ẹ̀ pa oko tì. Ẹ bomi wọ́n ilẹ̀ kẹ́ ẹ tó gbẹ́ ẹ. Ẹ wọ ìbomú N95, kì í ṣe aṣọ ìbomú lásán. Ọjọ́ tí atẹ́gùn bá ń jà, ẹ jókòó sílé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sọ pé ẹ máa fẹ́ ìyàngbò, ẹ kẹ́yìn sí atẹ́gùn kó lè gbé eruku lọ jìnnà sí yín, kì í ṣe sójú yín. Tí ikọ́ bá sì mú yín kọjá ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ fẹnu ara yín sọ fún dókítà pé kó yẹ Valley fever wò, pàápàá tó bá jẹ́ ìpínlẹ̀ míì lẹ ti lọ rí i, kò ní wá sí i lọ́kàn.

Ọ̀kan ṣì kù. Bàbá Ìbejì ń da chia sínú ògì, ìyẹn dáa, ó ti rẹ. Àmọ́ ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dà á sẹ́nu ní gbígbẹ kó wá fi omi lé e. Ní 2014 àwọn dókítà ròyìn ọkùnrin ẹni ọdún 39 kan ní Amẹ́ríkà níbí tó ṣe bẹ́ẹ̀, ọ̀nà ọ̀fun ló ti wú, ó dí ọ̀nà náà, wọ́n ní láti ki ẹ̀rọ bọ̀ ọ́ lọ́nà ọ̀fun. Tí Bàbá Ìbejì bá sì ń lo warfarin, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, tàbí irú ẹ̀, kó bi dókítà ẹ̀.

IyaIbeji_Palmdale
18 oṣù kẹsàn-án, 6:31 àárọ̀

Haa. Mo ń po ìgbẹ́ màlúù láìbo imú fún oṣù méjì. Ẹ ṣé gan-an sà. Mo ti ra N95.

Baba_Ata_Fresno
18 oṣù kẹsàn-án, 8:15 àárọ̀

Mo gbà ti tíṣù. Mo lọ rẹ chia ilé wa wò lálẹ́ àná, ó lẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́ bí àtè. Ẹ̀gbọ́n yín jẹ̀bi.

IyaIbeji_Palmdale
26 oṣù karùn-ún, 5:58 àárọ̀

Ẹ tún kú àárọ̀ o, mo padà dé. Mo mọ̀ pé ó ti pẹ́ àmọ́ mo ní kí n wá jábọ̀ torí mi ò fẹ́ràn kéèyàn gba ìmọ̀ràn kó wá sá lọ. Mo dá ìkòkò padà, mo fún ará ibi iṣẹ́ mi ní iyẹ̀pẹ̀ dúdú yẹn. Ọjọ́ kejìlá oṣù kọkànlá ni mo fọ́n pákẹ́ẹ̀tì tuntun sí ẹ̀gbẹ́ fẹ́ǹsì, níbi tí ò sí nǹkan kan àfi òkúta. Ìdajì ni mo wọ́n èédú lé, ìdajì mi ò wọ́n, torí ẹjọ́ Àǹtí Àlàkẹ́ àti Ọmọ Ìjẹ̀ṣà. Ó kù díẹ̀ kí n bomi sí i lọ́jọ́ karùn-ún, ọkọ mi ló gba ọ̀pá omi lọ́wọ́ mi.

Ìparí oṣù kìíní ló yọjú. Ìhà èédú pọ̀ díẹ̀ o, mi ò ní purọ́, àmọ́ kì í ṣe pé ti èkejì burú. Oṣù kẹrin, òdòdó búlúù, oyin ń hó yee lórí ẹ̀ látàárọ̀. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá gbogbo ẹ̀ ti pọ́n bíi koríko gbígbẹ, mo wọ gílọ́ọ̀fù torí bọ́ọ̀lù yẹn ń gún ọwọ́ bí ẹ̀gún, mo tẹ orí ẹ̀ wọ inú abọ́, mo gbọ̀n ọ́n, ó ń dà ṣàà bí òjò orí páànù. Fífẹ́ ẹ ló le. Mo fẹ́ ẹ lórí atẹ bí ìyá mi ṣe máa ń fẹ́ ẹ̀wà, ó ku díẹ̀ kí hóró náà bá ìyàngbò lọ torí kò wúwo, mo wá padà fi asẹ́ sẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀mẹta nínú ilé.

Gbogbo wàhálà yẹn, kò kún agolo mílíìkì kan. Mo yan án díẹ̀ nínú àwo irin láìda òróró sí i, mo ń rò ó kíákíá, ó ń ta pàrà pàrà, mo lọ̀ ọ́. Ẹ wò ó, ó ń ta sánsán bíi yànmọ̀tí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yan. Ọkọ mi dà á sínú ògì, ó ní a ti ń jẹ yanrìn láti ọjọ́ yìí wá.

Ìbéèrè mi báyìí: èèrà ńlá pupa kan ti ń kó èyí tó bọ́ sílẹ̀ lọ sínú ihò wọn, wọ́n tò lọ bíi ti ìjàlọ. Ṣé kí n da oògùn sí wọn? Ṣé nǹkan kan máa kù fún oṣù kọkànlá?

Dele_Nursery
26 oṣù karùn-ún, 12:10 ọ̀sán

Ẹ kú oríire ma! Ẹ má da oògùn kankan síbẹ̀. Èèrà tó ń kórè ni wọ́n, iṣẹ́ wọn ni, ẹyẹ náà máa wá gba tiẹ̀. Ẹ fi igi gbígbẹ yẹn sílẹ̀ ní dídúró títí òjò fi máa dé, hóró ṣì kù nínú ẹ̀ tí á máa bọ́ díẹ̀díẹ̀. Kẹ́ ọkàn yín lè balẹ̀, ẹ pa ṣíbí méjì mọ́ sínú ìgò ní ibi tó gbẹ. Tí òjò ò bá tó lọ́dún tó ń bọ̀ tí ẹ ò rí nǹkan kan, ẹ má tú ilẹ̀ yẹn, inú ẹ̀ ló ṣì wà, á dúró de ọdún tí òjò bá dáa.

Omo_Ijesa_PHX
26 oṣù karùn-ún, 1:47 ọ̀sán

Àǹtí Àlàkẹ́, mo ti rí i, mo gbà. Oṣù kọkànlá màá wọ́n èédú.

Baba_Ata_Fresno
26 oṣù karùn-ún, 7:20 alẹ́

Ìyá Ìbejì, ẹ wo ìgò yẹn dáadáa, ẹ bu ṣíbí kan fún mi níbẹ̀. Mo ti ń kó òkúta jọ.